Yàrá Ni Kí Ẹ Wò, Ẹ Má Wo Fèrèsé

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, lẹ́yìn ìsìn, mo rí tọkọtaya kan nínú gbọ̀ngàn ìjọ wa ní Manchester níbí. Kò tíì ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ tí wọ́n kúrò ní Ìbàdàn. Ọmọ wọn kò ju oṣù méjì lọ. Ó dé fìlà òwú tó nípọn, ó wọ jákẹ́ẹ̀tì tó ní ìborí, wọ́n tún wá fi kúbùsù méjì dì í bí ẹni di ẹ̀kọ sínú ewé. Hítà gbọ̀ngàn náà sì ń gbóná bí ààrò. Gbogbo àwa àgbà ti bọ́ kóòtù sílẹ̀, àwọn ìyá ìjọ tiẹ̀ ti ń fi ìwé ìsìn fẹ́ atẹ́gùn sára. Ọmọ yìí nìkan ni kò rí ẹni bá a bọ́ tiẹ̀. Òógùn ti bo iwájú orí rẹ̀.

Àwọn baba wa ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Orí tọ̀hún kò wọ́, fìlà ló fẹ́ pa á. Mo lọ jókòó ti ìyá rẹ̀, mo kí i kú ewu ọmọ, mo ní, "Àbúrò mi, ṣé kò ní bí yín nínú tí mo bá fọwọ́ kan ọmọ yín?" Ó ní, "Ẹ fọwọ́ kàn án o, Àǹtí. Ẹ wo bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe tutù. Mi ò tún mọ ohun tí mo lè wọ̀ fún un mọ́."

Gbólóhùn yẹn ni mo gbé délé. Èmi náà ti sọ ọ́ rí, ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2022, ó sì gbé mi dé ilé ìwòsàn láago mẹ́rin òru.

Mi ò ní kọ́ yín bí ẹ ṣe máa forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà tàbí bí ẹ ṣe máa wọ bọ́ọ̀sì. Ẹ ó rí ẹni sọ ìyẹn fún yín kí ẹ tó sọ ẹrù kalẹ̀. Àpò ìsùn ọmọ ni mo fẹ́ bá yín sọ, nítorí pé owó rẹ̀ kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ohun tó ná mi kì í ṣe owó.

Àpò ìsùn yìí, tí àwọn ará ibí ń pè ní sleeping bag, aṣọ ni, kúbùsù sì tún ni. Ẹ fojú inú wo bùbá tí kò lápá, tí wọ́n rán ìsàlẹ̀ rẹ̀ pa bí àpò ìrẹsì, tí wọ́n fi síìpù sí níwájú. Orí àti apá ọmọ á yọ síta, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa ta nínú àpò bó ṣe wù ú. Kò lè ta á dànù bó ṣe ń ta kúbùsù, kò sì lè fà á bo ara rẹ̀ lójú. Ìdí pàtàkì tí wọ́n fi ń lò ó nìyẹn, torí pé duvet àti ìrọ̀rí kò sí fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan.

Lára àpò yẹn ni ẹ ó ti rí nọ́ńbà kan: 0.5, tàbí 1.0, tàbí 2.5, tàbí 3.5, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tog. Ẹ̀rín máa ń pa mí nígbà tí mo bá rántí pé ìlú tí mo ń gbé yìí gan-an ni tog ti wá. Ní àwọn ọdún 1940, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó ń ṣèwádìí òwú fún àwọn onílé-iṣẹ́ aṣọ Lancashire wà ní Didsbury, ní Manchester níbí, ní Shirley Institute. Wọ́n ń wá ìwọ̀n tó rọrùn láti fi sọ bí aṣọ ṣe ń mú ara móoru tó. Nígbà tí wọ́n rí i, wọ́n sọ ọ́ ní tog, láti ara togs, ọ̀rọ̀ ìgboro tí àwọn òyìnbó fi ń pe aṣọ. Shirley tí wọ́n fi sọ ilé-iṣẹ́ náà, orúkọ ọmọbìnrin ẹni tó fowó ran ríra ilé náà lọ́wọ́ ni. Lancashire yìí kan náà ló ń hun aṣọ tí ọkọ̀ ojú omi ń kó wá sí Èkó fún àwọn ìyá ìyá wa. Wọ́n ta aṣọ fún wa, wọn ò bá wa ta ìwọ̀n rẹ̀.

Tog kì í ṣe iná. Kì í dá ooru sílẹ̀. Ohun tó ń sọ ni bí aṣọ náà ṣe lágbára tó láti má ṣe jẹ́ kí ooru ara jáde. Ooru tí ọmọ bá gbé wọ inú àpò, òun ni àpò yóò bá a pa mọ́. Bí ẹ bá gbé ọmọ tó ti gbóná sínú rẹ̀, ìgbóná lẹ ti sé mọ́ ibẹ̀ yẹn. Ó yẹ kí n mọ èyí kí n tó bí ọmọ. Bí mo ṣe wá mọ̀ ọ́n ni kí ẹ gbọ́.

Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021 la dé. Ọkọ mi wá kàwé, oyún inú mi ti pé oṣù méje. Oṣù Kọkànlá ni mo bí ọmọkùnrin. Kí n tó bí i ni ọkọ mi ti wọ ilé ìtajà kan lọ láti ra àpò ìsùn. Ó mú 2.5 lọ́wọ́, ó wò ó yí ká. Ó rántí duvet tí àwa fúnra wa ń fi bora, èyí tí wọ́n kọ 13.5 tog sí lára, tí òun fúnra rẹ̀ sì ń tún gbọ̀n lábẹ́ rẹ̀. Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ṣé aṣọ pẹlẹbẹ yìí ni àwọn èèyàn yìí fẹ́ kí òun fi sun ọmọ nínú yìnyín? Ó dá a padà, ó mú 3.5, ó sì ń bínú pé kò sí 7.

Ẹni tó kàwé gba oyè kejì ló ṣe bẹ́ẹ̀ o, ẹ má bú u. Kò sí ẹni tó sọ fún un pé duvet àgbàlagbà àti àpò ọmọ kì í ṣe ẹgbẹ́. Bí ooru bá mú èmi lóru, màá yọ ẹsẹ̀ kan síta, màá ta duvet sápá kan, ọkọ mi á tún fà á lọ. Ọmọ ọwọ́ kò lè ṣí síìpù. Bí ẹ ṣe wọṣọ fún un láago mẹ́jọ alẹ́ ni yóò wà títí ẹ ó fi dìde.

Àṣìṣe tó wà nídìí gbogbo rẹ̀ sì nìyí: ojú fèrèsé la ń wò tí a fi ń wọṣọ fún ọmọ. Nílé, bí ìta bá ṣe rí ni yàrá rí. Fèrèsé onígíláàsì wẹ́wẹ́ tí a ń fi ọwọ́ yí, ìdajì rẹ̀ kì í pa dé, òmíràn ti já láti ìgbà tí onílé ti kọ́lé. Tí ọyẹ́ bá wọ̀lú, ó wọ yàrá nìyẹn. Ètè yín á bó nínú ilé bó ṣe bó níta. Nítorí náà, nígbà tí ìyá wa bá yọjú síta, tó ní "òtútù ń mú, ẹ wọ súẹ́tà fún ọmọ," òótọ́ ló sọ. Níbí, ìta lè di yìnyín kí inú yàrá máa gbóná bí ọ̀sán oṣù Kẹta ní Ògbómọ̀ṣọ́, nítorí fèrèsé onígíláàsì méjì àti rédíétọ̀. Ẹni tó ń wo yìnyín lójú fèrèsé kó tó yan aṣọ oorun ọmọ, aṣọ òde ló ń wọ̀ fún ẹni tó wà nílé.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kìn-ín-ní, Màámi dé, ìyá ọkọ mi, láti wá bá wa wẹ ọmọ. Wọ́n kó àdí wá, wọ́n kó ọṣẹ dúdú wá, wọ́n kó èlùbọ́ tí àwọn ẹ̀ṣọ́ pápákọ̀ òfurufú ń fimú gbọ́ wá. Wọ́n kó ẹrù wá, wọ́n sì kó ẹ̀rù wá. Láti ìgbà tí wọ́n ti bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tí atẹ́gùn Manchester sì gbá wọn létí, wọ́n ti pinnu pé òtútù yìí kò ní rí ọmọ-ọmọ àwọn mú jẹ. Nígbà gbogbo ni wọ́n máa ń di ọwọ́ ọmọ mú. "Ìyàwó mi, ọwọ́ ọkọ mi ti tutù o. Wá nǹkan fi bò ó." Màá wá nǹkan. Bó bá tó wákàtí kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló tún kàn. Màá wá ìbọ̀sẹ̀. Fìlà ńkọ́? Màá wá fìlà. Ta ni mo jẹ́? Ọmọ márùn-ún ni wọ́n bí, wọ́n wo gbogbo wọn yanjú. Èmi, àkọ́bí mi nìyí.

Lóru ọjọ́ tí mò ń wí, ọmọ wọ síńgílẹ́ẹ̀tì, ó wọ aṣọ oorun alápá gígùn, ó wọ súẹ́tà tí Màámi rà ní Dùgbẹ̀, ó wọ ìbọ̀sẹ̀, ó dé fìlà, ó wà nínú àpò 3.5, wọ́n tún fi kúbùsù lé e. A tan hítà oníná kékeré síwájú ibùsùn rẹ̀. Ọmọ tó máa ń jí gba ọmú láàárín wákàtí méjì-méjì, kò jí láago mọ́kànlá. Kò jí láago kan. Màámi ní, "Ẹ rí i? Ara rẹ̀ ti móoru, ó ń sùn." Inú mi dùn. Ó pẹ́ tí mo ti sùn bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn.

Aago mẹ́ta kọjá díẹ̀ ni ọmú mi tó kún ta mí jí. Mo fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó gbóná bí ìkòkò. Mo ṣí fìlà, irun rẹ̀ ti tutù gbinrin, ọrùn rẹ̀ ti sú wínníwínní. Mo pè é, ó lajú, ó tún pa á dé. Kò sunkún. Ẹ gbọ́, ká ní ó sunkún ni, ẹ̀rù ò bá má bà mí tó bẹ́ẹ̀. Tẹmọ́mítà sọ pé 38.6. A tẹ 111, nọ́ńbà tí wọ́n ń pè fún ìmọ̀ràn ìlera níbí, wọ́n sì ní ká gbé e lọ sílé ìwòsàn kíá. Níbí, bí ara ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta bá ti dé 38, ọ̀rọ̀ di pàjáwìrì nìyẹn, kò sí "ẹ jẹ́ ká dúró di àárọ̀" níbẹ̀.

Nínú takisí, ọkọ mi sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sí mi létí ní Yorùbá, ó ní, "Má sọ gbogbo aṣọ tó wọ̀ fún wọn o." Ẹ̀yin náà ti gbọ́ ọ, àbí? Pé ìjọba ibí máa ń gba ọmọ lọ́wọ́ ẹni. Ìtàn yẹn ni ọ̀pọ̀ wa ń gbé wọ bàálù pẹ̀lú gaàrí. Bí wọ́n ṣe bi mí, mo fẹ́ purọ́, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ti ń bọ́ aṣọ ọmọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì ń tò ó sórí bẹ́ẹ̀dì. Síńgílẹ́ẹ̀tì ló kẹ́yìn. Nǹkan méje. Ó wo aṣọ, ó wo èmi, ó wo Màámi tó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú gèlè àti bàtà ilé. Kò jágbe mọ́ wa. Ó ní ṣé hítà tún wà nínú yàrá? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo sì bú sẹ́kún.

Kí wákàtí kan tó pé tí wọ́n bọ́ ọ tán, ara rẹ̀ ti wálẹ̀ sí 37.2. Ẹ má rò pé wọ́n wá ní ká máa lọ. Ọmọ oṣù méjì tí ara rẹ̀ bá ti gbóná tó bẹ́ẹ̀, dandan ni kí wọ́n mọ̀ dájú pé kì í ṣe àrùn inú ẹ̀jẹ̀ tàbí ti ọpọlọ. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n gba ìtọ̀ rẹ̀. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún sí ọ̀pá ẹ̀yìn kí dókítà àgbà tó ní kí wọ́n dúró díẹ̀ ná, nítorí ohun tí mo sọ nípa aṣọ àti hítà. Òótọ́ tí ọkọ mi ní kí n fi pa mọ́ ló gbà á lọ́wọ́ abẹ́rẹ́ yẹn. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì la tó padà sílé. Ìdánwò ọkọ mi sì ti lọ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, oṣù Kẹjọ ló tó tún un ṣe. Kò sẹ́ni tó gba ọmọ kankan. Nọ́ọ̀sì tó máa ń wá bẹ ìyá ọmọ wò nílé wá lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó mu tíì, ó sì kọ́ wa ní ohun tí mo fẹ́ kọ́ yín yìí.

Ọwọ́ ọmọ ọwọ́ máa ń tutù. Ẹsẹ̀ rẹ̀ náà máa ń tutù. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tíì mọ̀nà dé òpin ara dáadáa, inú lọ́hùn-ún ló kọ́kọ́ ń mú móoru. Nítorí náà, ẹ lè di ọwọ́ ọmọ mú kó tutù bí omi àmù, kí àyà rẹ̀ sì máa jó. Ẹ fi ìka méjì sí ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀, tàbí kí ẹ ki ọwọ́ bọ àyà rẹ̀. Bí ibẹ̀ bá móoru lásán, tó gbẹ, ó ti tó. Bó bá gbóná, tàbí tó rin, tàbí tí irun rẹ̀ tutù, ẹ bọ́ ohun kan kúrò. Ṣé ẹ rí ọwọ́ yẹn tó tutù? Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa, ìdí ọwọ́ tútù yẹn ló ti bẹ̀rẹ̀.

Fìlà kò sí nínú ilé, pàápàá lójú oorun. Orí àti ojú ni ọmọ fi ń lé ooru jáde, ẹ sì wá dé e ládé. Màámi kò gba èyí wẹ́rẹ́. Lóru bíi mẹ́ta lẹ́yìn náà ni mo bá wọn tí wọ́n ń yọ́ wọ yàrá pẹ̀lú fìlà lábẹ́ ìró.

Ìwé pélébé tí nọ́ọ̀sì náà fún wa, ti Lullaby Trust, àjọ tó ń gbógun ti ikú òjijì ọmọ ọwọ́, sọ pé kí yàrá tí ọmọ ń sùn wà láàárín dígírì 16 sí 20. Màámi ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Wọ́n ní, "16? Ṣé ọmọ ni wọ́n fẹ́ tọ́jú síbẹ̀ ni àbí ẹran?" Mi ò dá wọn lẹ́bi. Èmi pàápàá, tí mo bá wọ yàrá tó wà ní 18, kóòtù ni mo máa ń wá. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ikú wà nínú ìwé yẹn, ikú ọmọ tó sùn tí kò jí, tí ara rẹ̀ le koko lánàá. Ooru àpọ̀jù wà lára ohun tó ń mú ewu rẹ̀ pọ̀ sí i. Àwọn òyìnbó náà ti jìyà rẹ̀ rí. Lọ́dún 1991, Anne Diamond, tí gbogbo ìlú ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n, pàdánù ọmọ rẹ̀, Sebastian, lọ́nà yẹn. Ó gbọ́ pé ní New Zealand wọ́n ti ń kọ́ àwọn òbí láti máa fi ẹ̀yìn ọmọ lélẹ̀, kò sì jẹ́ kí ìjọba sinmi títí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ìpolongo níbí lópin ọdún yẹn: ẹ̀yìn ni kí ọmọ fi sùn, kí ara rẹ̀ má gbóná jù, kí ẹnikẹ́ni má mu sìgá nítòsí rẹ̀. Láàárín ọdún díẹ̀, iye ọmọ tó ń kú bẹ́ẹ̀ lọ sílẹ̀ ju ìlàjì lọ. Nígbà tí mo túmọ̀ ìyẹn fún Màámi, wọ́n dákẹ́, wọ́n sì ju fìlà yẹn sínú àpótí wọn.

Ẹ wá gbọ́ ọ̀rọ̀ nọ́ńbà. Ẹ kọ́kọ́ ra tẹmọ́mítà yàrá, ẹ gbé e sí ìtòsí ibùsùn ọmọ, kó má wà lórí rédíétọ̀, kó má wà lójú fèrèsé. Ẹ má gba ohun tí nọ́ńbà ẹ̀rọ hítà tó wà lára ògiri ìsàlẹ̀ bá sọ gbọ́, pálọ̀ ni ìyẹn mọ̀. Bí yàrá bá wà láàárín 16 sí 20, àpò 2.5 ni, ìyẹn ló sì bá ọ̀pọ̀ òru níbí mu láti oṣù Kẹwàá títí dé oṣù Kẹrin. Aṣọ oorun alápá gígùn kan ló tó lábẹ́ rẹ̀. Tó bá sún mọ́ 16, ẹ fi síńgílẹ́ẹ̀tì kún un. Láàárín 20 sí 24, 1.0. Bó bá kọjá 24, 0.5, pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì nìkan. 3.5 tí ọkọ mi rà, yàrá tí kò tó 16 ni wọ́n ṣe é fún, a ò sì lo irú yàrá bẹ́ẹ̀ rí. Ẹni tó ṣe àpò kọ̀ọ̀kan máa ń fi ìwé ìtọ́sọ́nà tirẹ̀ sí i, ẹ kà á, torí wọ́n lè fi aṣọ kan ju ara wọn lọ. Ẹ má ṣe kó àpò kan sínú òmíràn, ẹ má sì tún fi kúbùsù lé e lórí.

Ohun kan tó dùn mọ́ ọkọ mi nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ni ti owó iná. Ilé tí a gbà, mítà oníkáàdì ló ní, bí ti ilé gan-an, ẹ ra iná kí ẹ tó lò ó. A ti ń fi hítà òru jẹ káàdì tán kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Nígbà tí a mọ̀ pé àpò 2.5 ti ṣírò òtútù òru mọ́ ara rẹ̀, a pa hítà láago mẹ́wàá, yàrá rọra sọ̀ kalẹ̀ sí 17, ọmọ ń sùn. Àwa àgbà la ń gbọ̀n.

Ẹ má fi ọjọ́ orí ra àpò, ìwọ̀n ara ni kí ẹ wò. Ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n kọ "láti ọjọ́ ìbí" sí lára ló tún kọ kílò 4 sí ìsàlẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà kéékèèké. 2.9 ni tiwa nígbà tó délé ayé. Bí ọrùn àpò bá tóbi, ọmọ lè yọ́ wọlé lódindi, kí aṣọ bo imú rẹ̀. Ẹ bá a fa síìpù tán, kí ẹ wò ó bóyá orí rẹ̀ lè gba ihò ọrùn kọjá. Bó bá gbà, àpò náà ṣì tóbi jù fún un. Títí yóò fi tó o, kúbùsù òwú pẹlẹbẹ kan ni kí ẹ lò. Ẹ gbé ẹsẹ̀ ọmọ kan ìsàlẹ̀ ibùsùn, kí ẹ ki etí kúbùsù bọ abẹ́ ibùsùn dáadáa, kó má kọjá èjìká rẹ̀. Kúbùsù tí ẹ bá ṣẹ́ po ti di méjì, ẹ kà á bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tókunbọ̀ tún wà. A fẹ́ràn tókunbọ̀, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀, ilé ìtajà aláàánú kún fún àpò tó ṣì dára. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti gé ìwé kékeré ara rẹ̀ dànù tí ẹ kò rí tog mọ́, ẹ dá a padà. Ìwúwo ọwọ́ kò lè sọ ọ́ fún yín. Àbúrò ọkọ mi fi ọ̀kan ránṣẹ́ láti Houston, ó rẹwà, ó rọ̀ bí irun ológbò, kò sì sí nọ́ńbà tog kankan lára rẹ̀. Ilé ẹlẹ́rọ-amúlétutù tiwọn ló rà á fún. A fi ya fọ́tò. Àwọn àpò kan tún wà tí wọ́n di nǹkan wíwúwo mọ́ inú wọn, pé yóò mú ọmọ sùn bí ìgbà tí èèyàn gbé ọwọ́ lé e láyà. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti sọ lọ́dún 2022 pé kò dára fún ọmọ ọwọ́. Ẹ jìnnà sí i.

Bí ẹ bá ń pọ̀n ọmọ nínú ilé, kí ẹ máa pọ̀n ọ́n lọ. Ọ̀já kò lẹ́ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ooru èèyàn méjì ló gbé lára. Ẹ jẹ́ kó fẹ́ díẹ̀ kí ẹ tó fa síìpù. Bí ẹ bá sì gbé e ti òde wọlé, tàbí tí ẹ wọ bọ́ọ̀sì tí hítà ń jó, ẹ bọ́ kóòtù rẹ̀ kódà bó bá ń sùn. Yóò ké. Ẹ jẹ́ kó ké.

Oṣù Keje ọdún yẹn wá dán mi wò. Ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù náà, ọdún 2022, ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa wọn 40 kọjá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn, 40.3 ni wọ́n kà ní Coningsby, ní Lincolnshire. Yàrá wa tó wà lókè wà ní 29 lálẹ́. Fèrèsé onígíláàsì méjì tó ń gbà wá lọ́wọ́ òtútù ti wá di ìdérí ìkòkò. Mo pa kátíìnì dé láti àárọ̀, mo ṣí gbogbo fèrèsé nígbà tí oòrùn wọ̀, mo gbé 0.5 pàápàá jù sápá kan, mo fi nápúkìn nìkan sílẹ̀ lára ọmọ. Àkókò yẹn gan-an ni Màámi pè lórí fídíò láti Ìbàdàn. Òjò ń rọ̀ lọ́hùn-ún, súẹ́tà ni wọ́n wọ̀. Wọ́n rí ọmọ wọn níhòòhò lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹnu wọn yà, mo sì ń retí ohun tí wọ́n máa sọ. Wọ́n sún mọ́ fóònù. Wọ́n ní, "Ìyàwó mi, ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ ńkọ́?"

Nínú gbọ̀ngàn ìjọ lọ́jọ́ Ìsinmi, mi ò sọ gbogbo èyí. Mo kàn mú ọwọ́ ìyá ọmọ náà, mo fi ìka rẹ̀ sí ẹ̀yìn ọrùn ọmọ rẹ̀. Ó fà á yọ bí ẹni fọwọ́ kan iná. A bọ́ fìlà, a bọ́ jákẹ́ẹ̀tì, ọmọ sín lẹ́ẹ̀mejì, ó sì na gbogbo ara bí ológbò. Ọkọ rẹ̀ fi fóònù hàn mí: àpò 3.5, ó ti fẹ́ sanwó. Mo bi í pé dígírì mélòó ni yàrá wọn. Ó ní, "Àǹtí, ẹ ò rí yìnyín níta ni?" Mo ní yàrá ni mò ń bi í.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, ó fi fọ́tò tẹmọ́mítà kékeré kan ránṣẹ́ sí mi, lórí tábìlì ẹ̀gbẹ́ ibùsùn ọmọ. 23 ló wà níbẹ̀. Mo kọ ọ́ padà fún un pé 1.0, kó sì pa hítà.